Ta Ló Ṣe Rédíò Yìí? Orúkọ Iwájú àti Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá rí rédíò àtijọ́ kan tí wọ́n kọ “Silvertone” sí iwájú rẹ̀, ta ni ẹ máa sọ pé ó ṣe é? Ẹni tó bá mọ ìtàn ọjà Amẹ́ríkà díẹ̀ á dáhùn kíá pé, “Sears ni.” Kò burú. Sears ló ni orúkọ yẹn, Sears ló tà á, Sears ló sì fi àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ọjà tó ń fi ránṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà ni Sears. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe rédíò náà, tó sì gbà kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ń tà á bò ó.

Àwa Yorùbá máa ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ yẹn bá ọ̀rọ̀ wa mu. Rédíò lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé, “Ta ló ṣe ọ́?”, kò ní dá yín lóhùn. Síbẹ̀, ìdáhùn wà lára rẹ̀, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká wò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi ibẹ̀ hàn yín. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìtàn, kì í ṣe àwọn tó ń kó rédíò àtijọ́ jọ nìkan.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi orúkọ bo orúkọ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Chicago. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ìtajà ńlá méjì tó ń fi ọjà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ fìdí kalẹ̀ sí. Aaron Montgomery Ward dá Montgomery Ward sílẹ̀ ní 1872. Sears, Roebuck tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Àgbẹ̀ tó wà ní oko tó jìnnà lè jókòó sílé, kó ṣí ìwé ọjà tó nípọn bíi Bíbélì, kó yan ohun tó wù ú, kó fi owó ránṣẹ́, kí ọjà sì wá bá a nílé. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì wà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú fẹ́ràn irú ìtajà yìí. Àwọn ọlọ́jà kan nítòsí wọn máa ń fi ìwọ̀sí lọ̀ wọ́n, wọ́n sì máa ń dá wọn dúró títí aláwọ̀ funfun á fi ra tiẹ̀ tán. Ìwé ọjà kò mọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Báyìí ni orúkọ ẹni tó ń tajà ṣe di orúkọ tí àwọn ènìyàn fọkàn tán, ju ti ẹni tó ṣe ọjà lọ.

Nígbà tí rédíò wá gbòde ní àwọn ọdún 1920, àwọn ilé ìtajà náà fẹ́ tà á. Wọn ò ní láti kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn tó ti ń ṣe rédíò, wọ́n ní, “Ẹ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún wa, kí ẹ fi orúkọ tiwa sí i.” Sears lo orúkọ Silvertone. Montgomery Ward lo Airline. Western Auto, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ń ta rédíò Truetone. Gamble-Skogmo ní Coronado, Allied Radio sì ní Knight. Kódà, ilé-iṣẹ́ Firestone tó ń ṣe táyà mọ́tò ń ta rédíò Air Chief nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó lọ ra táyà lè ra rédíò bọ̀!

Kí ló mú kí àwọn tó ń ṣe rédíò gbà? Owó ni. Ẹni tó bá ń ta ọjà lórúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ náwó lórí ìpolówó, kó sì wá àwọn tí yóò máa bá a tà á. Ṣùgbọ́n bí ilé ìtajà ńlá bá ti ra ọjà rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ, owó òṣìṣẹ́ á sì máa jáde. Ilé ìtajà náà jèrè tirẹ̀. Ó rà á ní owó pọ́ọ́kú, oníbàárà kò sì lè fi iye owó Airline wé ti rédíò mìíràn tó jáde láti ilé-iṣẹ́ kan náà, torí pé kò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ọkàn ilé ìtajà bá sì yí padà, ó lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn kí orúkọ iwájú má yí padà rárá. Ìdí nìyẹn tí Silvertone méjì ọdún kan náà fi lè wá láti ilé-iṣẹ́ méjì tí kò mọ ara wọn rí.

Àwọn wo ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí? Púpọ̀ nínú wọn wà ní Chicago náà. Wells-Gardner, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, àti Belmont Radio ṣe ọ̀pọ̀ Airline fún Montgomery Ward. Colonial Radio tó wà ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe Silvertone fún Sears. Ta ló mọ orúkọ Wells-Gardner lónìí? Ẹni tó bá ta géèmù nínú ilé géèmù ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980 ti fi ojú rí iṣẹ́ wọn, torí pé àwọn ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú ojú fídíò àwọn ẹ̀rọ géèmù náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ ẹlòmíràn ló wà níwájú.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gbà láti wà lẹ́yìn títí. Ní 1928, Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀ Joseph dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Chicago. Sears wà lára àwọn tó ń tà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1930, wọ́n gbé rédíò inú ọkọ̀ jáde, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí àwọn fúnra wọn rò jáde: Motorola. Nígbà tó di 1947, wọ́n sọ gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ yẹn. Gbogbo ayé mọ Motorola. Èèyàn mélòó ló mọ Belmont?

Ẹ yí rédíò náà padà

Yorùbá ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tiwa níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀: ọmọ ti ní orúkọ, ilé rẹ̀ ni a ń wá. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn rédíò náà.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú: ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò olówó pọ́ọ́kú ìgbà yẹn, iná ilé lè máa lọ tààrà sínú awo irin tí wọ́n to gbogbo ẹ̀yà inú rédíò lé lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní chassis. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin yẹn nígbà tí iná wà lára rẹ̀, iná lè gbé e. Fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, iná tọ́ọ̀ṣì àti bébà ìkọ̀wé ti tó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni nọ́ńbà tó wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àpótí tàbí abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Airline, oríire ni. Montgomery Ward fi lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sáàárín nọ́ńbà. WG dúró fún Wells-Gardner, BR sì dúró fún Belmont Radio. Nọ́ńbà méjì tó ṣáájú lẹ́tà náà ń sọ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a ti ń kà wọ́n wá síwájú. Bí ẹ bá rí 74BR, ẹ yí 74 padà, ó di 47: Belmont ló ṣe é fún ọjà 1947. Bí ẹ bá rí 93WG, Wells-Gardner ni, fún ọjà 1939. 04 á di 1940, 05 á sì di 1950. Ó rọrùn, àbí? Oníbàárà tó ra rédíò náà nígbà yẹn ń wo ìdáhùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á.

Sears lo ọ̀nà tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta máa ń ṣáájú, àmì tó dúró bí ẹsẹ̀ gbólóhùn á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yòókù á wá tẹ̀ lé ìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́ta ìṣáájú ni kóòdù ẹni tó ṣe ọjà náà. Kì í ṣe rédíò nìkan ni wọ́n ṣe é sí. Lára ẹ̀rọ ìfọṣọ Kenmore tí Sears ń tà, 110 jẹ́ ti Whirlpool. Lára àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gítà sókè tí wọ́n pè ní Silvertone, 185 jẹ́ ti Danelectro, ilé-iṣẹ́ tí Nathan Daniel dá sílẹ̀ ní 1947. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Danelectro yìí kan náà ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún Montgomery Ward lórúkọ Airline. Àwọn ilé ìtajà méjì tó ń bára wọn figagbága ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹni kan náà!

Pàkúté méjì

Bébà tó wà nínú rédíò lè ṣì yín lọ́nà pẹ̀lú. Pàkúté àkọ́kọ́ ni orúkọ RCA. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí orúkọ yẹn tàbí ti Hazeltine níbẹ̀, wọ́n á sì pariwo pé, “RCA ló ṣe é!” Rárá o. RCA ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pọ̀ àwárí tí rédíò kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, Hazeltine náà sì ní tirẹ̀. Láti 1927, RCA bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní láísẹ́ǹsì kí wọ́n lè lo àwárí wọ̀nyí, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ohun tí bébà yẹn ń sọ ni pé ẹni tó ṣe rédíò náà ti gba ìyọ̀ǹda. Kò sọ pé ẹni tó fún un ní ìyọ̀ǹda ló ṣe é. Bí àpẹẹrẹ, ìjọba á fún awakọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé ìjọba ló ń wa ọkọ̀.

Pàkúté kejì wà lára àwọn ẹ̀yà inú rédíò. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù onínọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sípíkà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Jensen ní 220, Rola ní 285, Utah ní 328, Oxford ní 465, CTS sì ní 137. Lẹ́yìn kóòdù yìí ni nọ́ńbà tó ń sọ ọdún, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn á sì sọ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Jensen tí ẹ rí níbẹ̀ ló ṣe sípíkà, kì í ṣe rédíò. Ẹni tó kọ́ ilé lè ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ káfíńtà. Ìwúlò kóòdù yìí ni pé ó ń jẹ́ ká mọ ọjọ́ orí rédíò: rédíò kò lè dàgbà ju ẹ̀yà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò

Ká sọ pé Airline kan wà níwájú yín, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 64BR, tí sípíkà rẹ̀ sì ní 220550. Kí ni a lè sọ?

BR ni Belmont. A yí 64 padà, ó di 46, nítorí náà ọjà 1946 ni. Lára sípíkà, 220 ni Jensen, 50 sì ni ọ̀sẹ̀ àádọ́ta, ìyẹn oṣù Kejìlá. 5 tó wà láàárín lè jẹ́ 1945 tàbí 1955, torí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n lò fún ọdún. Èwo ni ká mú? Bí sípíkà bá jẹ́ ti 1945, ó bá a mu rẹ́gí: wọ́n ṣe sípíkà ní ìparí 1945, wọ́n sì fi sínú rédíò ní 1946. Bí ó bá jẹ́ ti 1955, á jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. A ní láti wo bí wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe jó wáyà rẹ̀ mọ́ ara wọn, bóyá ọwọ́ kejì ti kàn án.

Ìtàn gbogbogbòò náà lè ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin 1942, ìjọba Amẹ́ríkà dá ṣíṣe rédíò fún lílò ilé dúró nítorí ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń ṣe ohun èlò fún àwọn ológun títí di 1945. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 1943 ni wọ́n ṣe rédíò ilé òun ní Amẹ́ríkà, ẹ rọra bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Bákan náà, bí ẹ bá rí àmì ìgun mẹ́ta kéékèèké níbi 640 àti 1240 lójú rédíò, ẹ mọ̀ pé láàárín 1953 sí 1963 ni wọ́n ṣe é. Àmì náà ń fi ibi tí àwọn ará ìlú máa yí rédíò sí hàn bí ogun bá dé.

Ó ku ọ̀nà kan: kí a fi inú rédíò náà wé àwòrán inú ìwé. Láti àwọn ọdún 1930, John F. Rider ń tẹ àwọn ìwé ńlá jáde fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Howard W. Sams ní Indianapolis sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tó ń jẹ́ Photofact, ní 1946. Àwòrán bí wáyà ṣe lọ wà nínú wọn, títí kan àwọn rédíò tí wọ́n fi orúkọ ilé ìtajà bò. Bí ẹ bá rí i pé inú Airline yín bá inú rédíò tí Belmont tà lórúkọ ara rẹ̀ mu, láti ibi tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan wà dé ibi tí wọ́n lu ihò sí, ẹ̀rí yín ti lágbára. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Bébà lè já, wọ́n sì lè gbé inú rédíò kan sínú àpótí òmíràn. Nígbà tí ẹ̀rí méjì tàbí mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, a lè fọkàn balẹ̀.

Àní, lẹ́yìn gbogbo èyí, ìtàn náà tún ní ìpele kan sí i. Ní 1945, Raytheon ra Belmont. Nítorí náà Airline ti 1946 yìí ní orúkọ mẹ́ta: ti ẹni tó tà á, ti ẹni tó ṣe é, àti ti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé, “Rédíò ti dákẹ́, Belmont ti lọ, kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?” Ìdáhùn àkọ́kọ́ wúlò fún ọwọ́: ẹni tó bá fẹ́ tún rédíò náà ṣe nílò àwòrán tó tọ́, àwòrán tí kò tọ́ sì lè fi í sínú ewu iná.

Ìdáhùn kejì ló jẹ mí lógún jù. Bí a bá fi orúkọ iwájú nìkan kọ ìtàn, a ó kọ ìtàn àwọn ọlọ́jà, a ó sì pè é ní ìtàn iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó nídìí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà jẹ́ obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń fi wáyà kéékèèké pọ̀ mọ́ ara wọn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a bá sọ pé “Sears ló ṣe é”, gbogbo ọwọ́ yẹn parẹ́. Nígbà tí a bá sọ pé Belmont ni, ní Chicago, a ò tíì mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n a ti mọ ìlú tí wọ́n wà àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni ìwádìí lè ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tó ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ilé musíọ́mù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kàn ń kọ “Yorùbá” sí abẹ́ ère, bí ẹni pé gbogbo ìran kan ló jùmọ̀ di ọ̀bẹ mú. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi hàn ní Wembley ní 1924. Lónìí a mọ̀ pé Olówè ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ. Àwọn olùwádìí fi etí sí ẹnu àwọn àgbà, wọ́n sì fi iṣẹ́ kan wé òmíràn títí wọ́n fi mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ní 1998, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní Washington, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Rédíò kì í ṣe ère, mo mọ̀. Àìbìkítà ló mú orúkọ Olówè sọnù, àdéhùn òwò ló bo ti Belmont. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùwádìí kò yàtọ̀: kó wo ohun náà fínnífínní, kó fi wé òmíràn, kó má sì kọjá ibi tí ẹ̀rí dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá bá rédíò àtijọ́ pàdé ní ọjà àlòkù tàbí nínú yàrá ẹrù àwọn òbí yín àgbà, ẹ má wo iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ ya fọ́tò bébà tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Bébà yẹn ti gbẹ, ó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi omi ọṣẹ nù ún dànù níbi tí wọ́n ti ń tún àpótí ṣe kó lè dán. Àpótí lè tún dán. Bí bébà bá lọ, kóòdù lọ nìyẹn, orúkọ ẹni tó ṣe é sì lè má tún padà wá mọ́.